Kí obìnrin tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀: ohun tí yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí l'Ábùjá kọ́ mi

Bí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ bá ti délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tó wà l'Ábùjá, yálà ní ilé ìjọsìn tàbí níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ohùn á ga lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àmọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ti fi yé mi pé kí àríyànjiyàn yẹn tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́ tipẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Orí nǹkan oṣù ló ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́yún níbi tí kò dára kì í ṣe ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan. Abiyamọ ni wọ́n, wọ́n wà nílé ọkọ, wọ́n ti bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí rí, tàbí kí wọ́n ti fi ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sí apá síra rí. Nǹkan oṣù wọn yí padà, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé yóò yí padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí ẹ̀jẹ̀, kí n tó mú oògùn kankan jáde. Ilé ọmọ a máa tẹ́ ẹní lóṣooṣù de àlejò. Bí àlejò kò bá dé, á ká ẹní náà dànù, òun là ń pè ní nǹkan oṣù. Abẹ́rẹ́ àti ti apá kì í jẹ́ kí ẹní yẹn nípọn. Ohun tí a kò tẹ́, kí la fẹ́ ká? Ẹ̀jẹ̀ kankan kò kóra jọ síbì kan nínú ikùn, kò gun orí, kò sì di kókó. Gbólóhùn yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti sọ. Bí a kò bá sọ ọ́, ìyá ọkọ tàbí aládùúgbò ni yóò sọ tirẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì sọ ni obìnrin náà yóò gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó yé e pé ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìní àsìkò. Ó lè wá lónìí, kó dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, kó tún yọjú nígbà tó ń múra ìrun. Níbí l'Àríwá, ọ̀rọ̀ ìrun àti ààwẹ̀ yìí lágbára ju bí àwọn oníṣègùn kan ṣe rò lọ. Obìnrin tí kò mọ̀ bóyá òun mọ́ tàbí òun kò mọ́ kò ní lè fara da á pẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù àti ẹ̀jẹ̀ tó kàn ń yọ, nítorí náà kí ó béèrè lọ́wọ́ aáfà tó mọ̀wé kó tó gba abẹ́rẹ́, kó má dúró di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá sú u. Nílé ìwòsàn, a lè fún un ní ibuprofen fún ọjọ́ márùn-ún, tàbí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró fún ọjọ́ 21, bí ara rẹ̀ bá gba irú èyí, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè sinmi. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibuprofen. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ, tàbí tó pọ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó padà wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́ oríṣi méjì, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Depo-Provera jẹ́ mílígíráàmù 150, olóṣù mẹ́ta ni. Noristerat jẹ́ mílígíráàmù 200, olóṣù méjì ni. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ènìyàn máa ń ṣí kiri nílẹ̀ yìí. Obìnrin gba Noristerat ní Kàdúná, iṣẹ́ ọkọ gbé wọn dé Kubwa, wọ́n bi í léèrè, ó ní "abẹ́rẹ́ ni mò ń gbà". Wọ́n fún un ní ọjọ́ olóṣù mẹ́ta. Ààbò á ti tán lára rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Nítorí náà, kí orúkọ abẹ́rẹ́ wà lórí káàdì, kí ó sì ya àwòrán káàdì náà sórí fóònù rẹ̀, torí káàdì a máa sọnù nígbà ìkẹ́rù. Ẹni tó bá pẹ́ kí ó má sá fún wa nítorí ìbáwí: Depo ṣì ṣeé gbà bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá ọjọ́ rẹ̀, Noristerat bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ó tún lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí ó bá ń lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì. Lẹ́yìn àlàfo yẹn, a ó kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò oyún, yóò sì lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù fún ọjọ́ méje lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tuntun.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ nípa Depo: oyún kì í tètè dé lẹ́yìn rẹ̀. Láti abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ó lè tó nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kí obìnrin tó lóyún. Kò sọ ẹnikẹ́ni di àgàn, àmọ́ ìyàwó tó fẹ́ bímọ láàárín ọdún kan sí i, kí ó mú nǹkan mìíràn. Ibi tí òkìkí "abẹ́rẹ́ ń ti ilé ọmọ pa" ti ṣẹ̀ ni àwa nọ́ọ̀sì tí kò ṣàlàyé oṣù mẹ́wàá yìí.

Abẹ́rẹ́ kẹta wà tí inú mi dùn sí gidigidi, torí obìnrin lè gún un fúnra rẹ̀ nílé. Sayana Press ni, oògùn kan náà pẹ̀lú Depo ni, àmọ́ mílígíráàmù 104 ni, abẹ́ awọ la ń gún un sí. Ó rí bí àpò kékeré tí abẹ́rẹ́ kúkúrú wà lẹ́nu rẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ a máa lọ sísàlẹ̀ bí ògì tí a kò pò, nítorí náà, lẹ́yìn tí ó bá fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó gbọ̀n ọ́n dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 títí yóò fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí ó dojú abẹ́rẹ́ kọ òkè, kí ó fi ìka ti ìdérí rẹ̀ wọnú títí àlàfo tó wà láàárín ìdérí àti ọrùn àpò yóò fi pa dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: bí àlàfo yẹn kò bá pa dé, ojú ọ̀nà oògùn kò tíì ṣí, oògùn kò ní jáde bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó. Ìgbà yẹn ni yóò ṣí ìdérí kúrò. Kí ó fi ọwọ́ kejì ká awọ ikùn jọ, kí ó yẹra fún ìdodo, tàbí kí ó lo iwájú itan. Kí ó ti abẹ́rẹ́ wọlé pátápátá kí ó dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀, kí ó wá máa tẹ àpò náà jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí méje. Ẹni tó bá kánjú níbí, oògùn á tú síta. Kí ó yọ abẹ́rẹ́ kí ó tó tú awọ sílẹ̀, kí ó má ra ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ti lò, inú ike tó ní ìdérí ni kí ó jù ú sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, kí ó kó o wá fún wa nígbà tó bá tún ń bọ̀.

Èyí tí wọ́n ń fi sí apá ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò fẹ́ máa ka oṣù. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín ni, kò nípọn ju igi ìṣáná lọ. Implanon NXT jẹ́ ọ̀pá kan, ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i lára. Levoplant jẹ́ ọ̀pá méjì, ọdún mẹ́ta. Jadelle jẹ́ ọ̀pá méjì, ọdún márùn-ún. Obìnrin á dùbúlẹ̀, á ká apá tí kì í fi ṣiṣẹ́ jù lọ sókè. A ó wọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti eegun ìgbọ̀nwọ́ lọ sókè ní apá inú, a ó gún nǹkan bí mílílítà méjì oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, a ó sì fi ọ̀pá náà sí abẹ́ awọ gan-an. Abẹ́ awọ ni o, kì í ṣe inú ẹran. Bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é bá dorí abẹ́rẹ́ kọ ìsàlẹ̀ dípò kí ó máa fi gbé awọ sókè, ọ̀pá náà á rì sínú iṣan, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ yóò di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ẹ má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí ìka nọ́ọ̀sì àti ìka ẹ̀yin fúnra yín tó kàn án lábẹ́ awọ. Bí ẹ kò bá kàn án, ẹ máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù títí wọn yóò fi rí i. Báńdéèjì tó fún á wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, èyí kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wà fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí wọ́n bá fi í sí i láàárín ọjọ́ méje tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ààbò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méje ti kọ́ńdọ̀ọ̀mù.

Oògùn kan wà tó ń sọ ti apá di asán, àwọn aláìsàn kì í sì í rántí sọ ọ́ fún wa. Rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ife ni àkọ́kọ́. Carbamazepine àti phenytoin ti wárápá wà níbẹ̀, efavirenz tí àwọn kan ń lò fún HIV náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń mú kí ẹ̀dọ̀ jẹ oògùn ìfètò náà tán kíákíá. Ẹni tó bá wà lórí wọn, Depo ló yẹ ẹ́, tàbí kọ́pà, ìyẹn lúùpù tí a ń fi sínú ilé ọmọ.

Ní ti yíyọ rẹ̀, ẹjọ́ tí mo ní pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á pa àgọ́ sí abúlé fún ọjọ́ méjì, wọ́n á fi sí apá ọgọ́rùn-ún obìnrin, wọ́n á kó àgọ́ lọ, kò ní sí ẹni tó lè yọ ọ́. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè: "Níbo ni mo ti lè yọ ọ́, ta ni yóò sì yọ ọ́?" Ọjọ́ tí obìnrin bá ní òun kò fẹ́ mọ́, kódà bí ó jẹ́ oṣù kejì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a yọ ọ́ láìjẹ́ pé a sọ ọ́ di ẹjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́fẹ́lẹ́ yọ ọ́ nílé tàbí ní kẹ́míìsì.

Kọ́pà, tí àwọn àgbà ń pè ní lúùpù, kò ní homonu kankan nínú, ìyẹn èròjà tó ń darí nǹkan oṣù. Copper T 380A á ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ó tilẹ̀ lè tó 12. Òun kì í dá nǹkan oṣù dúró. Ńṣe ló ń mú un pọ̀ sí i, pẹ̀lú inú rírun, pàápàá ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, kí a kọ́kọ́ wo ìyẹn. Ó lè bọ́ jáde fúnra rẹ̀, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí náà kí obìnrin fi ìka wá okùn rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù. Kò lè rìn lọ sí ọkàn tàbí sí ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Bí okùn bá ń gún ọkọ, kí ó wá, a ó gé e kúrú.

Oògùn oníhóró ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan. Èyí tí homonu méjì wà nínú rẹ̀ kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tó 140/90, ẹni tó ń ní ẹ̀fọ́rí túúlu tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń rí mànàmáná, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, àti ìyá tí ọmọ tó ń fún lọ́mú kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó yẹ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí a tó fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́míìsì kì í wọ̀n ọ́n. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù nìkan ló ń dènà àìsàn ìbálòpọ̀. Àmọ́ nínú obìnrin 100 tó gbára lé e fún ọdún kan, bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó gan-an, nǹkan bí 13 ló ń lóyún. Ti oníhóró jẹ́ nǹkan bí 7, ti abẹ́rẹ́ nǹkan bí 4, ti kọ́pà àti ti apá kò pé ẹyọ kan. Òrùka àti ìgbàdí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé kò sí nínú ìṣirò yìí. Bí ìyá àgbà bá fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì tún wá gba èyí tí a lè fi ojú rí iṣẹ́ rẹ̀.

Lórí Postinor, hóró tí a ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, àṣìṣe méjì ló wà. Àwọn kan rò pé oyún ló ń ṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ńṣe ló ń dá ẹyin dúró kó má tètè jáde. Bí oyún bá ti dúró, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn ń lò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mílígíráàmù kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Hóró méjì tó wà nínú páálí, ẹ lè gbé wọn mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láàárín wákàtí 72. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ títí di ọjọ́ karùn-ún, àmọ́ bí ó ṣe ń pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Bí ẹ bá bì láàárín wákàtí méjì, ẹ tún un lò. Bí nǹkan oṣù bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ọjọ́ rẹ̀, ẹ ṣàyẹ̀wò oyún. Omi iyọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kọ́pà tí a bá fi sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún ló lágbára jù nínú gbogbo ọ̀nà pàjáwìrì.

Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kí ó má dúró sílé. Òfin VAPP ti ọdún 2015, ìyẹn òfin tó lòdì sí híhùwà ipá sí ènìyàn, tó múlẹ̀ l'Ábùjá, fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú pípé. Kí ó dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 28 ni yóò sì fi lò ó. Kí ó má wẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò ìwé, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù.

Ní ti àwọn ọkọ, èdè ló máa ń bá wa ṣe é. Ní àárín àwọn Hausa, bí ẹ bá sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n "dín ọmọ kù", ìjíròrò ti tán. Bí ẹ bá sọ pé "tazarar haihuwa", ìyẹn àlàfo láàárín ìbí kan àti èkejì, wọ́n á jókòó gbọ́, torí Kùránì fúnra rẹ̀ (2:233) sọ̀rọ̀ ọdún méjì gbáko fún ìfọ́mọlọ́mú. Ohun kan náà ni àwa Yorùbá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, ìyá kì í sùn ti ọkọ nígbà tí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìtìjú gbangba sì ni fún ẹni tó bá lóyún lé ọmọ. Ilé oníyàrá kan ní Mararaba kò fàyè gba irú ìyapa yẹn mọ́, nítorí náà a nílò ohun tí yóò dípò rẹ̀. Ọmú nìkan lè dáàbò bo ìyá bí nǹkan mẹ́ta bá pé: ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù kò tíì padà, ọmọ kò sì mu omi tàbí àgbo, ọmú nìkan ni, tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò ti tán. Àgbo ló sábà máa ń ba tiwa jẹ́. Mo fẹ́ kí ọkọ bá ìyàwó rẹ̀ wá, mo máa ń gbé àga fún un. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí obìnrin tó ti dàgbà gba àṣẹ ọkọ kó tó gba abẹ́rẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti dá a padà nítorí ìyẹn, wọ́n ṣẹ̀ ẹ́.

Oògùn ìfètò fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba láti ọdún 2011. Ìbọ̀wọ́, òwú àti síríńjì ni wọ́n sábà máa ń gba owó lé lórí. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí iye kékeré yẹn ti dá ọ̀pọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ òfin wá kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó rò pé òfin ibẹ̀ náà ló wà níbí. Ará Ìlọrin mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Criminal Code ni ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ti ní òfin tirẹ̀: abala 228 fún ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14, abala 229 fún obìnrin náà ní ọdún 7, abala 230 fún ẹni tó pèsè oògùn tàbí irinṣẹ́ ní ọdún 3. Abala 297 fàyè gba iṣẹ́ abẹ tí a fi òótọ́ inú ṣe láti dá ẹ̀mí ìyá sí. L'Ábùjá, Penal Code ni, bíi ti Ìlọrin. Abala 232 rẹ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 14, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, àyàfi bí wọ́n bá fi òótọ́ inú ṣe é láti gba ẹ̀mí obìnrin là. Ìpínlẹ̀ 12 l'Àríwá tún ní òfin Ṣàríà tiwọn. Ohun tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà, láti ẹjọ́ Roe tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ ní 1973 títí wọ́n fi fagi lé e ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2022, kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà nínú ìwé òfin wa, bó ti wù kí rédíò pariwo rẹ̀ tó.

Èrò tèmi rèé. "Láti gba ẹ̀mí là" ti wà nínú òfin náà, ẹni tó fẹ́ràn òfin yìí àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣòro wa ni pé òfin kò sọ bí ewu ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ tó. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé 180/120, tí kíndìnrín rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀, tí oyún rẹ̀ kò sì tíì pé oṣù márùn-ún, ṣé dókítà yóò dúró dìgbà tí gìrì bá gbé e? Nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá, àwọn kan ń dúró. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà lórí rẹ̀ ní 2018. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé tiwọn jáde ní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n sì dá a dúró ní oṣù tó tẹ̀ lé e nítorí ariwo. Ìwé náà kò yí òfin padà, àlàyé lásán ló ṣe. Mo ṣì gbà pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kedere dára ju kí a fi í sí ìkáwọ́ ẹ̀rù lọ. Oyún tó dúró sí ojú ọ̀nà ẹyin, ní ìta ilé ọmọ, kò tilẹ̀ yẹ kó wọ àríyànjiyàn yìí rárá: kò lè di ọmọ láé, ó sì lè pa ìyá láàárín wákàtí díẹ̀. Ìrora ní ẹ̀gbẹ́ kan ikùn, òòyì, ìrora tó gun èjìká, ẹ sáré wá.

Lórí ìtọ́jú lẹ́yìn tí oyún bá ti bàjẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ka títọ́jú obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ohun yòówù kó fà á. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń mú wọn jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló sì ń pa wọ́n. Àmì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn lé lórí: kí ó máa rẹ páàdì méjì gbingbin láàárín wákàtí kan, fún wákàtí méjì léraléra, ibà tàbí òtútù, omi abẹ́ tó ń rùn, ikùn tó le bí pákó, òòyì. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín ṣáájú. Ẹni tó ń gbé Nyanya tàbí Mararaba tó sì fẹ́ gbé ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wọ àárín ìlú ní aago méje àárọ̀, inú gosílóò ni ẹ̀jẹ̀ yóò ti tán. Ẹ mú ẹni méjì tó lè fún un lẹ́jẹ̀ dání. Kí ó má jẹ tàbí mu nǹkan kan lójú ọ̀nà.

Ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì nípa ohun tí ẹ lò. A kò béèrè torí kí a lè dá yín lẹ́jọ́. Ẹni tó mu búlúù tàbí omi káún, kíndìnrín àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò. Ẹni tí wọ́n ki igi tàbí irin bọ̀ lábẹ́, ilé ọmọ lè ti lu, ìfun lè ti lu pẹ̀lú, yóò sì nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tó lo hóró láti kẹ́míìsì, ó lè jẹ́ ìyókù oyún ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Ìtọ́jú mẹ́ta yìí kò jọra, bí a bá sì ṣì í mú, wákàtí lọ nìyẹn.

Bí oyún kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, síríńjì ńlá tí a ń fi ọwọ́ fà la fi ń kó ìyókù rẹ̀. A ó fún un ní oògùn ìrora àti oògùn tó ń pa kòkòrò, a ó fi omi sí i lára. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìlù ọkàn àti páàdì rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń kùnà ni wákàtí tó kẹ́yìn. Wọ́n á ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, bí ẹni pé ó bímọ. Ẹyin rẹ̀ lè jáde kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí nǹkan oṣù kankan tó wá. Bí kò bá sí kòkòrò lára rẹ̀ tí ilé ọmọ kò sì lu, a lè fi kọ́pà sí i lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Abẹ́rẹ́ àti ti apá ṣeé gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó fẹ́ lóyún padà, kí ó fún ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Mo máa ń gbé àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, n kì í dúró lé obìnrin lórí fún ọ̀rọ̀ yìí, mo sì máa ń rọra béèrè: "Màmá, kí ló mú yín fi èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀?" Bí ó bá ní nǹkan oṣù kò wá, mo mọ̀ pé Depo kò ní bá a mu, tàbí pé ọ̀rọ̀ ẹní ilé ọmọ yẹn ni yóò gba gbogbo àkókò wa. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, kọ́pà kọ́ nìyẹn. Bí ó bá ní owó ìbọ̀wọ́ ni, ìyẹn náà ní ibi tí a ń kọ ọ́ sí. Èsì yẹn ni mo ń kọ sí orí káàdì ṣáájú orúkọ oògùn, kí nọ́ọ̀sì tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Gwagwalada tàbí ní Sabon Gari, Kánò, lè rí i kó tó rí ohun mìíràn.